Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé Láti Òjò Àkọ́rọ̀ Títí Dé Ọyẹ́

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú gan-an, ní nǹkan bí oṣù kejì ọdún, ìdì ẹ̀fọ́ a máa kéré lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á ní ọjà Bódìjà, owó rẹ̀ a sì máa ga. Bákan náà ni ó ń rí ní àwọn ọjà kéékèèké tí ó yí Baṣọ̀run ká. Ìyá ilé tí ó ń ra ẹ̀fọ́ tí ó kún ìkòkò ní ìgbà òjò a rí i pé owó kan náà kò lè ra iye kan náà mọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọ́ a di ohun tí wọ́n ń jẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú ilé. Àwọn ọmọdé àti àwọn aboyún ni ìyà rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń jẹ, nítorí pé nínú ewé tútù ni ara ti ń rí púpọ̀ nínú ohun tí ń mú kí ojú ríran dáadáa àti ohun tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ tó.

Síbẹ̀, ní àdúgbò kan náà, àwọn ilé kan wà tí ẹ̀fọ́ kì í wọ́n níbẹ̀ láti oṣù kìíní títí dé oṣù kejìlá. Ilẹ̀ wọn kò sàn ju ti aládùúgbò wọn lọ, òjò kan náà ni ó sì ń rọ̀ lé gbogbo wọn lórí. Àwọn onílé wọ̀nyí mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí: pé iṣẹ́ ìgbà kọ̀ọ̀kan, inú ìgbà tí ó ṣáájú rẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí a óò já nínú ọyẹ́, nígbà òjò ni a ti ń pèsè ilẹ̀ àti irúgbìn rẹ̀. Èyí ni ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí.

ÀṢÀ ÀTIJỌ́ NI OKO ETÍLÉ

Oríṣi oko méjì ni àwọn baba ńlá Yorùbá mọ̀. Oko tí ó jìnnà ni wọ́n ti ń gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, àti kòkó nígbà tí ó yá. Oko etílé ni èyí tí ìyàwó ilé lè dé kí omi ọbẹ̀ tó hó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ a máa wà lẹ́bàá ilé ìwẹ̀, níbi tí omi ti ń ṣàn kọjá lójoojúmọ́. Ewúro a máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Gbúre a máa hù káàkiri àgbàlá, ata wẹ́wẹ́ sì lè hù lẹ́bàá ààtàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín, nítorí pé àwọn ẹyẹ a máa jẹ èso rẹ̀, wọn a sì yàgbẹ́ irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá bà sí.

Ìjọba náà mọ iyì oko etílé. Ní 1975, ìjọba àpapọ̀ dá ilé ìwádìí lórí èso àti ẹ̀fọ́, tí a mọ̀ sí NIHORT, sílẹ̀ ní Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, èyí ni 1976, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò Operation Feed the Nation. Ètò náà ké sí òṣìṣẹ́, ọmọ ilé-ìwé, ọmọ ogun àti gbogbo ará ìlú pé kí olúkúlùkù gbin ohun jíjẹ sí ibikíbi tí ilẹ̀ bá ti ṣí sílẹ̀. Ètò náà ti dópin tipẹ́, ṣùgbọ́n ìdí tí a fi gbé e kalẹ̀ ṣì wà. Ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí ìjọba fòfin de ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, ẹni tí ó ní ewúro àti gbúre lẹ́yìnkùlé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti béèrè ohun tí ọgbà wúlò fún.

AFẸ́FẸ́ MÉJÌ TÍ Ń DARÍ ỌDÚN

Ẹni tí yóò tọ́jú ọgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ọdún ṣe pín. Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń darí ojú ọjọ́ ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀kan ń fẹ́ wá láti orí òkun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ó kún fún omi, òun ni ó sì ń mú òjò wá. Èkejì ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà ní àríwá ìlà-oòrùn. Ó gbẹ, ó ń gbé eruku dání, òun ni a ń pè ní ọyẹ́. Láti oṣù kẹta ni afẹ́fẹ́ òkun ti máa ń borí, tí yóò sì lé ọyẹ́ padà sí òkè ọya. Nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin, ọyẹ́ a tún padà wá gba ipò rẹ̀.

Òjò tí ń rọ̀ ní Ìbàdàn láàrin ọdún kan tó nǹkan bí mílímítà 1,300, ṣùgbọ́n kò pín dọ́gba. Òjò àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láàrin oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ó sì máa ń pọ̀ jù ní oṣù kẹfà. Ní oṣù kẹjọ, tí àwọn àgbà ń pè ní oṣù Ògún, òjò a sinmi díẹ̀. Àrọ̀kúrò a wá tẹ̀ lé e ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ẹ̀rùn a dé, tí ọyẹ́ a sì mú ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní.

Àwọn àgbà a máa wí pé, “Ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn.” Ohun tí ó tọ́ ní ìgbà kan lè di àdánù ní ìgbà mìíràn. Tòmátì tí ó ń pọ́n lábẹ́ òjò oṣù kẹfà a máa tètè jẹrà, nítorí pé àrùn ewé àti ti èso fẹ́ràn ọ̀rinrin. Èyí tí a bá ṣí gbìn nígbà àrọ̀kúrò, tí ó sì ń so nígbà tí òjò ti ń dáwọ́ dúró, a máa ṣe dáadáa bí ó bá rí omi mu.

KÍ ÒJÒ TÓ DÉ: IṢẸ́ ÀÀTÀN

Oṣù kìíní àti oṣù kejì kì í ṣe oṣù ìjókòó. Ìgbà yìí ni a ń pèsè oúnjẹ fún ilẹ̀. Ní àkókò yìí, ewé gbígbẹ máa ń pọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò àti igi píà, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ṣe ni pé wọ́n ń gbá a jọ, wọ́n ń dáná sun ún. Ẹni tí ó bá sun ewé sun ajílẹ̀ rẹ̀. Èéfín rẹ̀ a sì máa yọ àwọn onígbẹ̀ẹ́ fùfú lẹ́nu ní àsìkò tí eruku ọyẹ́ ti ń dà wọ́n láàmú tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí a sọ ewé náà di ajílẹ̀. Kí ológbà wá ibi tí igi ṣíji bò, kí ó fi pákó tàbí búlọ́ọ̀kù yí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó mítà kan ká. Kí ó kọ́kọ́ tẹ́ ewé gbígbẹ sí i, lẹ́yìn náà èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìdọ̀tí ẹ̀fọ́ láti ilé ìdáná, lẹ́yìn náà ìgbẹ́ adìẹ tàbí ti màlúù, kí ó sì bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ lé e. Báyìí ni yóò máa ṣe ní ìpele-ìpele títí yóò fi ga dé àyà. Kí ó máa wọ́n omi sí i kí ó má bàa gbẹ, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ kí omi rọ́gún sínú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ó fi ọkọ́ yí i padà kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Inú ààtàn náà a gbóná. Iṣẹ́ àwọn ohun alààyè kéékèèké tí ojú kò lè rí ni èyí, àwọn ni ó ń jẹ ewé náà tí wọ́n ń sọ ọ́ di ilẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ohun tí ó wà níbẹ̀ a dúdú, a fúyẹ́, a sì máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ó ti tó lò nìyẹn. Garawa kan tó fún ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà méjì tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan.

Ohun mẹ́ta ni kò gbọdọ̀ dé inú ààtàn yìí. Èkínní ni ọ̀rá, ìgò àti ike, nítorí pé wọn kì í jẹrà. Èkejì ni ìgbẹ́ ènìyàn, nítorí aràn àti àrùn. Ẹ̀kẹta ni bátìrì, ìbá à ṣe ti ọkọ̀ tàbí ti tọ́ọ̀ṣì. Òjé tí ó wà nínú bátìrì ọkọ̀ kì í kúrò nínú ilẹ̀. Ó lè wọ ara ẹ̀fọ́, ó sì lè ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí náà, ibi tí àwọn mẹkáníìkì tàbí àwọn atún-bátìrì-ṣe ti ṣiṣẹ́ rí kò yẹ ní ibi tí a ń gbin ẹ̀fọ́ sí. Bí kò bá sí ilẹ̀ mìíràn, kí a wá iyẹ̀pẹ̀ tí ó mọ́ láti ibòmíràn, kí a kó o sínú àpò, kí a sì gbin ẹ̀fọ́ sínú rẹ̀.

Ìgbẹ́ adìẹ tútù kò gbọdọ̀ kan gbòǹgbò ẹ̀fọ́. Ó le púpọ̀, a sì máa jó ewéko bí iná. Kí a jẹ́ kí ó jẹrà nínú ààtàn ná.

ÒJÒ ÀKỌ́RỌ̀

Òjò àkọ́kọ́ lè tan ènìyàn jẹ. Ó lè rọ̀ lónìí kí oòrùn sì ràn fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lẹ́yìn rẹ̀, kí gbogbo irúgbìn tí ó hù sì gbẹ. Kí ológbà dúró títí òjò yóò fi rọ̀ ní ìgbà mélòó kan, títí ìka tí ó bá kì bọlẹ̀ yóò fi kan ọ̀rinrin títí dé ìdí rẹ̀.

Nígbà òjò, kí bẹ́ẹ̀dì ga sókè bí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí omi má bàa rọ́gún sí ìdí ẹ̀fọ́. Kí ó má ṣe fẹ̀ ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìtẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ Ìbàdàn kún fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́, kí a kọ bẹ́ẹ̀dì náà ní ìdábùú, kí àgbàrá má bàa fọ ajílẹ̀ lọ sínú gọ́tà.

Tẹ̀tẹ̀ ni ẹ̀fọ́ tí ó yá jù. Nítorí pé irúgbìn rẹ̀ kéré gan-an, kí a pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí a tó fọ́n ọn, kí ó má bàa pọ̀ jù ní ojú kan. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti tó fà tu. Ṣọkọ máa ń pẹ́ díẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí a bá gé orí rẹ̀ dípò kí a fà á tu, a tún rú, a sì lè gé e ní ìgbà púpọ̀.

Ewédú a máa já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀ nítorí pé irúgbìn rẹ̀ kì í tètè hù. Èèpo rẹ̀ ni ó le tí omi kò fi lè wọ inú rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ rọrùn. Kí a di irúgbìn náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí a tì í bọ inú omi gbígbóná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kí a sì gbé e sínú omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a sá a kí omi ara rẹ̀ gbẹ, kí a tó gbìn ín. Bí ó bá pẹ́ jù nínú omi gbígbóná, a kú.

Ilá fẹ́ àyè. Kí àlàfo ìdajì mítà wà láàrin ilá kan àti èkejì. Ní nǹkan bí oṣù méjì, a bẹ̀rẹ̀ sí í so, a sì gbọ́dọ̀ máa ká a ní ọjọ́ méjì-méjì. Bí a bá jẹ́ kí ilá gbó lórí igi, igi náà a gbà pé òun ti parí iṣẹ́ òun, kò sì ní í so dáadáa mọ́. Ní ti ewúro àti gbúre, igi wọn ni a ń gé gbìn. Ẹni tí kò ní rí ni ó kàn ní láti tọrọ lọ́wọ́ aládùúgbò.

Kí ológbà má ṣe fọ́n gbogbo irúgbìn rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Bí bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta bá tó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀fọ́ a pọ̀ jù ní ọ̀sẹ̀ kan, kò sì ní sí rárá ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Kí ó gbin bẹ́ẹ̀dì kan ní ọ̀sẹ̀ yìí, èkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀kẹta lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn. Nígbà tí ti kẹta bá ń hù, ti kìíní ti wọ inú ìkòkò.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni koríko. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù, nígbà tí ẹ̀fọ́ ṣì kéré. Ẹni tí ó bá tu koríko nígbà náà kò ní ṣe iṣẹ́ púpọ̀ mọ́, nítorí pé ewé ẹ̀fọ́ fúnra rẹ̀ a bo ilẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ojú kì í tètè rí. Bí ṣọkọ, tòmátì tàbí ilá kò bá dàgbà bí ó ti yẹ, kí a fa ọ̀kan tu, kí a wo gbòǹgbò rẹ̀. Bí ó bá wú ní kókó-kókó, aràn wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀ ni ó ń bá a jà. Kí a má ṣe gbin èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́ta wọ̀nyí sí ojú ibẹ̀ ní àkókò tí ó tẹ̀ lé e. Àgbàdo ni kí a gbìn, kí a sì bu ajílẹ̀ púpọ̀ sí ilẹ̀ náà.

OṢÙ ÒGÚN: ÌSINMI TÍ KÒ ṢEÉ GBÁRA LÉ

Ní oṣù kẹjọ, ojú ọ̀run a máa ṣú, ilẹ̀ a tutù, ṣùgbọ́n òjò a dín kù. Iṣẹ́ pàtàkì méjì ni ó wà ní oṣù yìí: ìpamọ́ irúgbìn àti ìtọ́jú ọ̀dọ́ ewéko.

Igi tí ó dára jù nínú ọgbà ni kí a fi sílẹ̀ fún irúgbìn. Àṣà jíjẹ èyí tí ó dára kí a sì fi èyí tí ó ṣẹ́kù gbìn ni ó ń mú kí ẹ̀fọ́ ọdọọdún máa burú sí i. Kí ilá gbẹ lórí igi. Ní ti tòmátì, kí a fún irúgbìn rẹ̀ sínú omi díẹ̀, kí ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ohun yíyọ̀ ara rẹ̀ lè bọ́, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì sá a sí ibòòji. Inú ìgò tí ó gbẹ tí ó sì ní ìdérí ni kí a kó irúgbìn sí.

Ní oṣù yìí kan náà ni kí a gbin ata àti tòmátì sínú abọ́ tàbí bẹ́ẹ̀dì kékeré lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, kí wọ́n lè tó ṣí gbìn ní oṣù kẹsàn-án.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òjò oṣù kẹjọ kò ní agbára. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 ni odò Ògùnpa kún bo bèbè, tí ó gbé ilé àti ènìyàn lọ ní Ìbàdàn. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 ni òjò tí ó ju mílímítà 180 lọ rọ̀ láàrin wákàtí díẹ̀, tí àwọn odò ìlú náà tún kún, ẹni tí ó lé ní 100 sì kú. Ọ̀pọ̀ ìdí ni ó fa àjálù bẹ́ẹ̀: ilé tí a kọ́ sí ojú odò, ìdọ̀tí tí a dà sí gọ́tà, àti ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì bò pátápátá. Ilẹ̀ ọgbà tí ó rọ̀ a máa mu omi òjò. Ilẹ̀ tí a fi kọnkéré tàbí íńtálọ́ọ̀kì bò a dà á sí ọ̀nà, ọ̀nà a sì gbé e lọ bá ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀. Bí gbogbo ilé ní Baṣọ̀run bá fi ìwọ̀nba ilẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀fọ́, àǹfààní rẹ̀ kò ní pin sí inú ìkòkò nìkan.

ÀRỌ̀KÚRÒ: ÌGBÀ TÍ Ó ṢE PÀTÀKÌ JÙ

Bí a bá béèrè pé oṣù wo ni ó ń sọ bí ẹ̀fọ́ yóò ṣe rí nínú ilé ní oṣù kejì, oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ni ìdáhùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àrọ̀kúrò, kí a ṣí ata àti tòmátì lọ sí àyè wọn. Ìrọ̀lẹ́ ni kí a ṣe é, kí oòrùn má bàa pa wọ́n ní ọjọ́ kìíní. Kí a tún gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú lẹ́ẹ̀kejì, kí a sì gé ewúro mọ́lẹ̀ kí ó lè rú ewé tuntun kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.

Nígbà tí òjò bá ń lọ sópin, kí ilẹ̀ tó gbẹ, kí a fi koríko gbígbẹ tàbí ewé bo gbogbo ojú bẹ́ẹ̀dì, kí ó nípọn tó ìbú ọwọ́. Kí koríko náà má ṣe kan ìdí igi ẹ̀fọ́, nítorí ìkán àti àrùn. Ẹni tí ó bá ṣe èyí ní ìparí oṣù kẹwàá ti fi ìdérí bo omi tí òjò dà sínú ilẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró di oṣù kejìlá ń fi ìdérí bo ìkòkò tí omi inú rẹ̀ ti gbẹ.

Oṣù yìí náà ni kí a ti wo ibi tí tata yé sí. Tata aláwọ̀ mèremère tí ń jẹ ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn a máa yé ẹyin rẹ̀ sínú ilẹ̀ lábẹ́ ibòòji nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn a sì máa kó ara wọn jọ sí ojú kan láti yé. Ẹyin náà a wà nínú ilẹ̀ títí òjò yóò fi lọ, wọn a sì pa ní nǹkan bí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá. Bí a bá fi ọkọ́ tú irú ibẹ̀ síta kí wọ́n tó pa, oòrùn àti èèrà a bá ológbà ṣe iṣẹ́ ìyókù.

Ẹ̀Ẹ̀RÙN ÀTI ỌYẸ́: ÌṢIRÒ OMI

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀dì kò gbọdọ̀ ga mọ́. Kí ó lọ sílẹ̀ ju ọ̀nà tí a ń tọ̀ lọ, kí etí rẹ̀ sì ga yí i ká bí abọ́, kí omi tí a bá bù sí i má bàa ṣàn lọ. Bí a ṣe ń lé omi jáde nígbà òjò ni a óò máa há a mọ́lẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Mílímítà òjò kan lórí mítà kan níbùú àti lóròó jẹ́ lítà omi kan. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ nílò nǹkan bí lítà márùn-ún lójúmọ́ fún irú mítà kan bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀dì tí ó gùn ní mítà mẹ́rin tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan nílò 20 lítà, èyí tí kò kún kẹ́ẹ̀gì 25 lítà. Láàrin 120 ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ó di 2,400 lítà, èyí ni dùrọ́ọ̀mù 12. Ilẹ̀ tí a bá bò dáadáa kò ní gba tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ inú ìṣirò yìí ni pé kí ológbà fi omi wọn ilẹ̀. Ẹni tí kò lè rí ju kẹ́ẹ̀gì kan lọ lójúmọ́, bẹ́ẹ̀dì kan ni kí ó gbìn, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin tí òùngbẹ ń gbẹ kò tó bẹ́ẹ̀dì kan tí ó yó. Omi tí a fi fọ ìrẹsì, ẹ̀fọ́ àti èso kò yẹ kí ó ṣòfò. Omi ọṣẹ, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí a dà á sí.

Nígbà òjò, òrùlé páànù tí ó fẹ̀ ní mítà mẹ́wàá tí ó sì gùn ní mítà mẹ́wàá lè gba bí 1,000 lítà nínú òjò mílímítà mẹ́wàá. Ẹni tí ó ní táǹkì lè gbe òjò ìparí oṣù kẹwàá pamọ́. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ohun tí omi wà nínú rẹ̀ ní ìdérí, kí ẹ̀fọn má bàa yé sínú rẹ̀, kí ọmọdé má sì bàa kó sí i.

Òwúrọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí a bomi rin ín, ìdí ewéko ni kí omi sì lọ. Nígbà tí ọyẹ́ bá mú, kí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bo àwọn ẹ̀fọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.

Àwọn kan a máa lo àkùrọ̀ lẹ́bàá odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àṣà tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n odò tí ó la àárín ìlú kọjá ti gba ìdọ̀tí ilé ìgbẹ̀ àti ti ilé iṣẹ́ mọ́ra. Irú omi bẹ́ẹ̀ lè fi àrùn onígbáméjì ránṣẹ́ sínú ilé. Omi kànga tàbí ti ẹ̀rọ ni ó dára jù fún ẹ̀fọ́, kí a sì máa fi omi tí ó mọ́ fọ̀ ọ́ kí a tó sè é.

Bí kòkòrò bá dé, kí a kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣà wọ́n ní òwúrọ̀ nígbà tí ìrì kò tíì jẹ́ kí wọ́n lè fò. A lè ku eérú igi sára ewé, tàbí kí a gún ewé dóńgóyárò, kí a rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, kí a sẹ́ ẹ, kí a sì wọ́n ọn. Oògùn ẹ̀fọn àti ti aáyán tí a ń lò nínú ilé kò gbọdọ̀ kan ẹ̀fọ́. Ohun tí ó pa kòkòrò lórí ewé lè pa ẹni tí ó jẹ ewé náà.

ẸNI TÍ KÒ NÍ ILẸ̀

Ọ̀pọ̀ ayálégbé ní Baṣọ̀run ni kò ní ju ìwọ̀n ẹnu ọ̀nà wọn lọ. Àpò ìrẹsì tí ó ti ṣófo, kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí àti táyà ọkọ̀ a máa gba iyẹ̀pẹ̀. Kí a dá ihò sí ìdí wọn kí omi lè jáde. Kí a pò iyẹ̀pẹ̀ ìlọ́po méjì mọ́ ajílẹ̀ ìlọ́po kan, kí a sì gbé e sí ibi tí oòrùn ti ń kàn án fún wákàtí mẹ́fà lóòjọ́. Ata rodo méjì, gbúre àpò kan àti ṣọkọ àpò méjì a dín ìnáwó ọbẹ̀ kù nínú ilé kékeré.

IṢẸ́ ỌDÚN NÍ KÚKÚRÚ

Oṣù kìíní àti ìkejì: kí a kó ewé jọ sí ààtàn, kí a máa bomi rin ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn.
Oṣù kẹta àti ìkẹrin: kí a kọ bẹ́ẹ̀dì gíga, kí a fi ajílẹ̀ sí i, kí a gbìn nígbà tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀.
Oṣù karùn-ún títí dé ìkeje: kí a máa gbìn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí a máa ro oko, kí a máa ká ilá.
Oṣù kẹjọ: kí a tọ́jú irúgbìn, kí a gbin ọ̀dọ́ ata àti tòmátì, kí a la ojú gọ́tà.
Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá: kí a ṣí ata àti tòmátì gbìn, kí a tú ẹyin tata síta, kí a bo ilẹ̀ kí òjò tó lọ.
Oṣù kọkànlá àti ìkejìlá: kí a sọ bẹ́ẹ̀dì di abọ́, kí a fi omi wọn ilẹ̀.

Kò sí èyí tí ó le nínú iṣẹ́ wọ̀nyí. Ọmọ ilé-ìwé lè ṣe púpọ̀ nínú wọn kí ó tó lọ sí ẹ̀kọ́, àgbàlagbà tí ó ti fẹ̀yìn tì náà sì lè ṣe wọ́n ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè ni pé kí a má ṣe pẹ́. Ní ilé ìkàwé abúlé kọ̀ọ̀kan, ó dára kí àwọn tí ó pé jọ jíròrò lórí oṣù tí wọ́n wà nínú rẹ̀: kí ni ó yẹ kí ó ti wà nínú ilẹ̀ báyìí, ta ni ó sì ní irúgbìn tí ó lè fún ẹnìkejì rẹ̀? Ilé tí ó bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì kí àrọ̀kúrò tó kásẹ̀ nílẹ̀ yóò rí ẹ̀fọ́ já nínú ọyẹ́.